Brómíìnì, òsóònù àti ojú sátẹ́láìtì ní ìpẹ̀kun ayé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ nípa ihò tó ń ṣí nínú òsóònù, gáàsì tó ń dáàbò bò wá, lókè Antárktìkà. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni pé òsóònù tún máa ń tán pátápátá nísàlẹ̀, lórí yìnyín òkun gan-an, nígbà ìrúwé, láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ kankan wà nítòsí. Brómíìnì lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Sátẹ́láìtì sì ń rí méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́jú pọ̀ fún ẹni tó bá ń wo àwòrán wọn. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jọ síbí kí a lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ni brómíìnì, níbo ló sì ti ń wá?

Ẹbí kan náà ni òun àti klórínì inú iyọ̀ tí a ń jẹ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine Balard, ló kéde rẹ̀ ní 1826 lẹ́yìn tó rí i nínú omi iyọ̀. Nínú lítà omi òkun kan, nǹkan bíi mílígíráàmù 65 ni brómíìnì tó wà níbẹ̀. Ó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ klórínì, àmọ́ òkun pọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà dé inú afẹ́fẹ́. Èkínní ni iyọ̀ òkun fúnra rẹ̀. Èkejì ni ewéko òkun àti àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú omi, tó ń tú gáàsì bíi bromoform sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ ọmọ ènìyàn: halon tí wọ́n ń rọ sínú ohun èlò panápaná, àti methyl bromide tí wọ́n fi ń fín irè oko, àti ilẹ̀ oko náà nígbà kan, kí kòkòrò lè kú.

Ṣé òsóònù òkè àti ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ síra ni?

Mólékù kan náà ni, átọ̀ọ̀mù ọ́síjìn mẹ́ta tó so pọ̀. Ibi tó wà ló yàtọ̀. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló wà nínú stratosphere, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ tó wà lókè, níbi tó ti ń dí ìtànṣán oòrùn tó lè pa ara lára. Ìyókù wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń mí. Nísàlẹ̀ yìí, bó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti irúgbìn jẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti fọ ara rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí òsóònù bá tán lórí yìnyín Árktìkì, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ihò ti ṣí lókè. Bí ihò bá sì ṣí lókè, kò túmọ̀ sí pé ti ìsàlẹ̀ ti tán.

Ta ló kọ́kọ́ rí i pé òsóònù ìsàlẹ̀ ń tán?

Àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní Barrow ní Alaska, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti di Utqiaġvik báyìí, ti ń rí i pé òsóònù ojú ilẹ̀ máa ń já wálẹ̀ nígbà ìrúwé. Ìdí rẹ̀ ni kò tíì yé wọn.

Ibùdó Alert ní Kánádà ni wọ́n ti mọ ohun tó fà á. Erékùṣù Ellesmere ni Alert wà, kò ju nǹkan bí 800 kìlómítà lọ sí góńgó àríwá ayé. Àwọn onímọ̀ ń fa afẹ́fẹ́ gba inú fílítà níbẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn wò. Nígbà tí wọ́n to òǹkà oṣù Kẹrin 1986 sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà òsóònù, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere: ọjọ́ tí brómíìnì inú fílítà bá gòkè, òsóònù a wálẹ̀, ọjọ́ tí brómíìnì bá sì lọ, òsóònù a padà. Leonard Barrie, Jan Bottenheim àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1988. Òsóònù tó sábà máa ń wà ní 30 sí 40 nínú bílíọ̀nù kan lè já sí ohun tí kò tó 1, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀ péré.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: jíjá òjijì yẹn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé orí ibùdó náà gan-an ni òsóònù ti kú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, atẹ́gùn ló gbé afẹ́fẹ́ tí òsóònù rẹ̀ ti tán tẹ́lẹ̀ wá láti orí yìnyín òkun. Ohun tí ibùdó kan ń rí ni ohun tó gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò ojú tó lè wo gbogbo Árktìkì lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni brómíìnì díẹ̀ ṣe lè pa òsóònù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé kì í kú sínú iṣẹ́ náà. Átọ̀ọ̀mù brómíìnì kan pàdé òsóònù, ó já ọ́síjìn kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di BrO, ìyẹn brómíìnì tó so mọ́ ọ́síjìn. BrO méjì pàdé ara wọn, wọ́n ju ọ́síjìn náà sílẹ̀, brómíìnì méjèèjì tún di òmìnira. Wọ́n tún wá òsóònù mìíràn lọ.

Èyí tó tún le jù ni pé brómíìnì ń pe brómíìnì jáde. BrO lè di HOBr, ìyẹn brómíìnì tó so mọ́ ọ́síjìn àti háídírójìn, nínú afẹ́fẹ́. Bí HOBr bá bà lé yìnyín tàbí òjò dídì tó ní iyọ̀ tó sì ní ásíìdì díẹ̀, ó ń fa brómíìnì inú iyọ̀ náà jáde, àwọn méjèèjì á sì fò sókè pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Br2, brómíìnì méjì tó so mọ́ra. Kí oòrùn kàn yọ, Br2 á là sí méjì. Ẹyọ kan wọlé, méjì jáde; méjì wọlé, mẹ́rin jáde. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní ìbúgbàù brómíìnì, orúkọ náà sì bá a mu.

Ẹ ó wá rí ìdí tó fi jẹ́ ìgbà ìrúwé ló ń ṣẹlẹ̀: oòrùn ti padà lẹ́yìn òru olóṣù púpọ̀, yìnyín sì ṣì bo òkun. Ní àríwá, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni. Ní gúúsù, láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá.

Ṣé láti inú yìnyín gan-an ni brómíìnì ti ń jáde, àbí láti inú òjò dídì?

Àríyànjiyàn ti pọ̀ lórí èyí. Nígbà kan, àwọn èérún yìnyín tó rí bí òdòdó, tó ń hù lórí yìnyín òkun tuntun, ni wọ́n fura sí, nítorí iyọ̀ inú wọn pọ̀ gan-an. Àwọn mìíràn sọ pé òjò dídì tí ìjì ń gbé káàkiri ni: iyọ̀ wà lára rẹ̀, bí ó bá ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́, ó ń fi èérún iyọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ìwádìí Polarstern lórí òkun Weddell, lẹ́bàá Antárktìkà, ní ìgbà òtútù 2013 rí èérún iyọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ìjì.

Ìdánwò tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Kerri Pratt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Utqiaġvik ní 2012. Wọ́n bu òjò dídì àti yìnyín oríṣiríṣi sínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ lè wọ̀, wọ́n gbé e síta nínú òtútù, wọ́n jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kàn án, wọ́n sì ń wọn ohun tó ń jáde. Òjò dídì orí ilẹ̀ tú Br2 sílẹ̀ nígbà tí oòrùn kàn án, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà lókè yìnyín òkun. Yìnyín òkun fúnra rẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ, kò tú u sílẹ̀. Kì í ṣe ibi tí iyọ̀ pọ̀ sí jù ni brómíìnì ti ń jáde, ibi tó ní ásíìdì díẹ̀ ni. Lójú tèmi, àpótí yẹn yanjú ohun tí ọ̀pọ̀ àwòrán sátẹ́láìtì kò lè yanjú, ó sì fi hàn pé sátẹ́láìtì kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Báwo ni sátẹ́láìtì tó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lókè ṣe ń rí gáàsì tí kò ní àwọ̀?

Ó ń wo ohun tí gáàsì náà yọ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ inú afẹ́fẹ́, ó ń kan yìnyín tàbí ìkùukùu, ó sì ń padà sókè. Ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì ń gbà á, ó ń tú u sí àwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó. BrO máa ń mu ìmọ́lẹ̀ ní àwọn ibi kan láàárín nánómítà 330 sí 360, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Kì í mu ún dọ́gba. Ó ń mu púpọ̀ níhìn-ín, ó ń mu díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bátànì yẹn kò sì jọ ti gáàsì mìíràn. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ tó padà wé èyí tí sátẹ́láìtì gbà tààrà láti ara oòrùn, kí wọ́n lè mọ ohun tó sọnù. DOAS ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, Ulrich Platt ti Heidelberg ní Jámánì sì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bó ṣe kéré tó. Ohun tí BrO ń mu kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ náà lọ. Òsóònù fúnra rẹ̀ ń mu ìmọ́lẹ̀ ní àgbègbè àwọ̀ yẹn kan náà, òun sì fi ju ìlọ́po 100,000 lọ pọ̀ ju BrO lọ. Bí a bá ṣì wọn òsóònù díẹ̀, brómíìnì tí kò sí lè fara hàn nínú òǹkà.

Sátẹ́láìtì wo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí?

Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ GOME ló ṣíwájú, lórí sátẹ́láìtì ERS-2 tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 1995. Ní 1998, ẹgbẹ́ ìwádìí Heidelberg àti ti Bremen ní Jámánì, àti Kelly Chance ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde BrO jáde láti ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni a kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe Alert tàbí Barrow nìkan ni: ìkùukùu BrO tó tẹ́ lọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ń yọ lórí yìnyín òkun ní àríwá àti ní gúúsù, lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni SCIAMACHY, láti 2002 títí wọ́n fi pàdánù Envisat tó gbé e ní oṣù Kẹrin 2012. OMI lórí Aura láti 2004. Àti GOME-2 lórí àwọn Metop mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2006, 2012 àti 2018. TROPOMI gòkè lórí Sentinel-5P ní oṣù Kẹwàá 2017.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èkínní àti ìkẹyìn yìí ga. Ẹyọ òǹkà GOME kan bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 320 sí 40 kìlómítà, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó wà láti Èkó dé Àkúrẹ́ àti kọjá bẹ́ẹ̀ di iye kan ṣoṣo. Ti TROPOMI jẹ́ bíi 5.5 sí 3.5 kìlómítà. Nínú àwòrán rẹ̀, a lè rí BrO lẹ́bàá ojú omi tó là láàárín yìnyín, a sì lè rí i bó ṣe ń tẹ̀ lé etí òkun.

Bí BrO bá pupa fòò lórí àwòrán sátẹ́láìtì, ìyẹn ni pé ó pọ̀ níbẹ̀, ṣé òsóònù ìsàlẹ̀ ń tán níbẹ̀ nìyẹn?

Rárá o, kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ẹ ronú nípa ilé alájà kan tí gbogbo ayálégbé ń lo mítà iná kan ṣoṣo. Mítà sọ iye iná tí gbogbo ilé jẹ lóṣù yẹn. Kò sọ yàrá tó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkà sátẹ́láìtì ṣe rí. Ó ń ka gbogbo BrO láti ojú yìnyín títí dé òkè stratosphere, ó sì ń fún wa ní àpapọ̀ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ti òkè kó lè yọ ọ́ kúrò.

Àti pé ti òkè kì í dúró sójú kan. Ní àwọn ọjọ́ kan, ààlà láàárín afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àti stratosphere máa ń rì wálẹ̀ gan-an lórí Árktìkì. Afẹ́fẹ́ stratosphere á rọ́ wọlé, á kó brómíìnì tirẹ̀ dání, àpapọ̀ BrO á sì ga, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín. Ní ìgbà ìrúwé 2008, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ìwádìí fò káàkiri lókè Árktìkì, wọ́n sì ń wọn afẹ́fẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí Ross Salawitch àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí wé òǹkà sátẹ́láìtì, wọ́n kọ ọ́ ní 2010 pé ọ̀pọ̀ nínú ibi tí BrO ti ga lórí àwòrán ló bá ibi tí ààlà yẹn ti rì mu. Lọ́rọ̀ mìíràn, òkè ló wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ìwé yẹn yí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé BrO ìsàlẹ̀ jáde ní láti fi hàn bó ṣe yọ ti òkè kúrò: àwọn kan ń lo òsóònù àti náítírójìn dáóksáìdì tí sátẹ́láìtì kan náà wọ̀n, àwọn kan ń lo ìṣirò kọ̀ǹpútà nípa bí stratosphere ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá rí àwòrán BrO tí kò sọ èwo nínú méjèèjì ló ń fi hàn, ẹ má gbára lé e.

Ṣé ìjì ló ń mú brómíìnì jáde, àbí ojú ọjọ́ tó parọ́rọ́?

Méjèèjì. Nígbà tí atẹ́gùn bá parọ́rọ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń tẹ̀ mọ́ ojú yìnyín, kò pò pọ̀ mọ́ ti òkè, brómíìnì á sì gbára jọ níbẹ̀. Àmọ́ sátẹ́láìtì ti fi hàn pé àwọn ìkùukùu BrO tó tóbi jù lọ sábà máa ń bá ìjì ńlá rìn. Ìjì ń gbé òjò dídì oníyọ̀ sókè, ó ń gbé brómíìnì kúrò lórí ilẹ̀, ó sì ń wọ́ ọ lọ sí ibi jíjìn fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, BrO máa ń ká gẹ́gẹ́ bí ìkùukùu ìjì fúnra rẹ̀ ṣe ká. Kò sí ibùdó ilẹ̀ kankan tó lè rí èyí.

Kí ló kan ẹni tó ń gbé ní Árktìkì nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Mẹ́kúrì ni. Mẹ́kúrì tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń sun èédú tàbí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà lè rìn nínú afẹ́fẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìbọ́ sílẹ̀. Ó dé Árktìkì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìbúgbàù brómíìnì bá ṣẹlẹ̀, brómíìnì máa ń sọ mẹ́kúrì náà di irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, á sì bọ́ sórí òjò dídì. Ní Alert náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, William Schroeder àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé e jáde ní 1998: mẹ́kúrì afẹ́fẹ́ àti òsóònù máa ń já wálẹ̀ pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Apá kan nínú rẹ̀ máa ń padà sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ràn. Èyí tó bá kù ń bá omi yíyọ́ lọ sínú òkun, ó ń wọ inú ẹja, séàlì àti àwọn ẹja ńlá tó ń jẹ wọ́n. Àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ Árktìkì, tí wọ́n ń jẹ ẹran òkun ló ń rù ú, bẹ́ẹ̀ àwọn kọ́ ló sun èédú náà. Ó ń dùn mí pé ẹ̀gbẹ́ yìí kì í sábà sí nínú ìròyìn nípa òsóònù.

Ṣé àfọwọ́fà èèyàn ni pípòórá òsóònù lórí yìnyín?

Kì í ṣe bíi ti ihò òkè. Iyọ̀ òkun, yìnyín àti oòrùn ti wà kí iléeṣẹ́ tó wà. Àmọ́ èèyàn ń yí yìnyín padà. Yìnyín Árktìkì tó ti pẹ́ ọdún púpọ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ ti ṣàn lọ, ń dínkù. Èyí tó ń dì tuntun lọ́dọọdún ló ń gba ipò rẹ̀, iyọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Bremen so òǹkà GOME, SCIAMACHY àti GOME-2 pọ̀ láti 1996 sí 2017, wọ́n sì rí i pé BrO ìsàlẹ̀ ní ìgbà ìrúwé Árktìkì ń pọ̀ sí i pẹ̀lú nǹkan bí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n so ó mọ́ yìnyín ọlọ́dún kan yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbáṣepọ̀ náà kò lágbára tó bí àwọn kan ṣe rò.

Kí wá ni ipa brómíìnì nínú ihò òsóònù òkè?

Klórínì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n átọ̀ọ̀mù brómíìnì kan ń pa òsóònù tó nǹkan bí ìlọ́po 60 ti klórínì. Àwọn méjèèjì tún ń ran ara wọn lọ́wọ́: BrO pàdé ClO, ìyẹn klórínì tó so mọ́ ọ́síjìn, wọ́n tú ara wọn sílẹ̀, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin ló kéde ihò náà ní 1985 láti ibùdó Halley ní Antárktìkà.

Àdéhùn Montreal ti oṣù Kẹsàn-án 1987, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáwọ́ àwọn gáàsì tó ń pa òsóònù dúró, ló kápá rẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ti wọlé sí i, Nàìjíríà, Benin àti Tógò náà sì wà níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó dáwọ́ ṣíṣe halon dúró ní 1994. Methyl bromide, ti wọn jẹ́ 2005, tiwa jẹ́ 2015, àfi èyí tí wọ́n fi ń fín irè oko àti igi tó ń kọjá ẹnu ibodè, tí àdéhùn náà ṣì gbà láyè. Brómíìnì tí èèyàn ń fà ti ń dínkù nínú afẹ́fẹ́ láti òpin àwọn ọdún 1990. Àwọn onímọ̀ àgbáyé kọ ọ́ ní 2022 pé òsóònù Antárktìkà lè padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí 2066, ti Árktìkì ní nǹkan bí 2045.

Ṣé irú èyí lè ṣẹlẹ̀ létí òkun wa?

Rárá. Brómíìnì wà nínú òkun Èkó bó ṣe wà nínú ti Árktìkì, ṣùgbọ́n kò sí yìnyín oníyọ̀, kò sì sí afẹ́fẹ́ tútù tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa ń pò afẹ́fẹ́ pọ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ìhà wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni bromoform: àwọn ìjì ńlá ilẹ̀ olóoru ni ọ̀nà pàtàkì tí gáàsì òkun fi ń yára dé stratosphere, láti ibẹ̀ sì ni apá kan brómíìnì ti ń tọ ìpẹ̀kun ayé lọ.

Kí ni sátẹ́láìtì kò lè rí?

Òkùnkùn. Kò sí oòrùn, kò sí òǹkà. Nítorí náà oṣù òtútù máa ń ṣófo lórí àwòrán. Kì í tún rí Br2 àti HOBr bó ṣe ń rí BrO, ìyẹn ni pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹbí náà ló ń kà. Bí òsóònù bá sì ti tán pátápátá níbì kan, BrO á dínkù níbẹ̀, nítorí kò sí ohun tí brómíìnì máa já ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú jù lè wá dà bí ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ṣé èmi náà lè wo àwọn òǹkà yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni. NASA gbé BrO ti OMI síta fún gbogbo ènìyàn, EUMETSAT, àjọ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti Yúróòpù, gbé ti GOME-2. Òǹkà Sentinel-5P náà ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Copernicus, ètò Yúróòpù tó ń fi sátẹ́láìtì wo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé BrO kò sí lára àwọn tí wọ́n ń gbé jáde lójoojúmọ́ bíi ti òsóònù. Àwọn ẹgbẹ́ ìwádìí ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó mú oṣù Kẹrin ọdún kan, kí ó gbé BrO àti òsóònù ọjọ́ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibi tí àpapọ̀ òsóònù àti BrO bá ti jọ ga, stratosphere ni kí ó kọ́kọ́ fura sí.